Ilé Wa: Nígbà Tí Ilẹ̀kùn Ilé Ọkọ̀ Bá Kọ̀ Láti Tì

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ àti àwọn àna ni mo ṣèlérí fún oṣù yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìyẹn dúró ná. Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilé ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ wa ní Àpápá, mo sì rò pé ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ní ọmọdé nílé gbọ́ ọ kí irú rẹ̀ tó ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni.

Ilẹ̀kùn gáréèjì ni mo ń wí. Kì í ṣe gáréèjì tí a ti ń wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn o! Ilé tí a ń gbé ọkọ̀ sí nínú ọgbà ni, èyí tí ẹ̀rọ ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Ẹ ó tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn náà á gun ojú irin lọ sókè, á sùn sí abẹ́ àjà. Ẹ ó tún un tẹ̀, á sọ̀kalẹ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ C. G. Johnson ló ṣe ilẹ̀kùn tó ń gbéra lọ sókè báyìí ní 1921, nígbà tó sì di 1926 ó ṣe ẹ̀rọ oníná tí yóò máa fà á, kí èèyàn má baà máa fi ẹ̀yìn gbé e.

Ní Àpápá, láti àwọn ọdún 1950 tí ìgbìmọ̀ LEDB ti ṣètò ilẹ̀ ibẹ̀ fún ilé gbígbé àti ilé-iṣẹ́, ilé ńlá tó ní ilé ọkọ̀ kò ṣọ̀wọ́n. Ní òdìkejì Boundary, ní Ajégúnlẹ̀, ilé oníyàrá-kọjú-síra ló pọ̀ jù, ẹni tó ní ilé ọkọ̀ níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn Àpápá bá bàjẹ́, Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ẹni tí yóò tún un ṣe. Àwọn èèyàn a máa sọ̀rọ̀ Ajégúnlẹ̀ bí ẹni pé agbábọ́ọ̀lù bí Odion Ighalo nìkan ló ti ibẹ̀ jáde. Àwọn ọlọ́gbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ kò lóǹkà.

Màmá tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn yìí, opó ni wọ́n. Ọmọbìnrin wọn ń gbé lọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún 4. Ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà ló fi ilẹ̀kùn náà àti ẹ̀rọ rẹ̀ ránṣẹ́ nínú kọ̀ǹténà, kí Màmá má baà máa sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti ṣílẹ̀kùn lóru. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa fún bí ọdún kan. Nígbà tí oṣù Kọkànlá wọlé, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Tí Màmá bá ti ṣọ́ọ̀bù dé ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọlé tí wọ́n tẹ rìmóòtù, ilẹ̀kùn á sọ̀kalẹ̀ bí ẹsẹ̀ bàtà kan, á dúró, á tún padà sókè. Iná orí ẹ̀rọ á máa ṣẹ́jú. Wọ́n á tún un tẹ̀, bákan náà ni. Ó di dandan kí Màmá jókòó ti ilẹ̀kùn náà títí ilẹ̀ á fi ṣú, nítorí tí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, ilẹ̀kùn á tì wẹ́rẹ́ bí ẹni pé kò sí ohun tó ṣe é. Wọn ò lè fi ilé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí wọ́n ṣe pa ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́ Ìṣẹ́gun jẹ fún odidi oṣù kan nìyẹn.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti rí. Ilẹ̀kùn tó ń kọ̀ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, tó sì ń gbọ́ràn lóru! Àwọn kan nínú ilé àdúrà ti ń sọ pé ọwọ́ ọ̀tá wà níbẹ̀. A gbàdúrà sí i. Èmi pàápàá gbàdúrà, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo kábàámọ̀ ni pé n kò lọ fi ojú ara mi wo ilẹ̀kùn náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan péré.

Wọ́n pe ẹnì kan láti wá tún un ṣe. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tó ti wá. Kò lo ju 20 ìṣẹ́jú lọ. Ó gun àkàbà, ó sọ̀kalẹ̀, ó gba owó rẹ̀, ilẹ̀kùn sì ń tì gbọn-in láàárọ̀, lọ́sàn-án àti ní ìrọ̀lẹ́. Màmá jáde sọ ẹ̀rí ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo ìjọ sì hó ìhó ayọ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn rẹ̀, ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, ọmọbìnrin wọn ń gbé ọkọ̀ jáde. Ó ti yí ojú sí géètì, ó na ọwọ́ sẹ́yìn, ó tẹ rìmóòtù. Ọmọ kékeré náà ti gbé kẹ̀kẹ́ oníke rẹ̀ sí ẹnu ilé ọkọ̀ gan-an, ó sì ti padà sínú láti lọ mú bàtà rẹ̀ ẹsẹ̀ kan. Ilẹ̀kùn náà sọ̀kalẹ̀ lé kẹ̀kẹ́ lórí. Kò dúró, kò padà. Ó ń tẹ̀ ẹ́ lọ sílẹ̀ títí ike náà fi fọ́, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ìgbésẹ̀ méjì péré ni ọmọ náà wà sí i. Nígbà tí Màmá pè mí lórí fóònù, n kò kọ́kọ́ mọ̀ pé àwọn ni, nítorí ohùn wọn ti yí padà.

Mo ránṣẹ́ sí arákùnrin kan ní ẹ̀ka ìjọ wa ní Ajégúnlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọdún 35, iṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ ló ń ṣe. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá láti Boundary, pẹ̀lú àpò irinṣẹ́ léjìká, nítorí láti 2022 ni ìjọba Èkó ti fòfin de ọ̀kadà ní Àpápá. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó dé. Ohun tó kọ́kọ́ wú mi lórí ni pé kò ṣí àpò rẹ̀. Ó kí Màmá, ó dọ̀bálẹ̀, ó wá béèrè pé:

"Màmá, kí wọ́n tó tún un ṣe, ìgbà wo ló máa ń kọ̀?"

"Ìrọ̀lẹ́ ni, ọmọ mi. Bí aago márùn-ún àbọ̀ sí mẹ́fà àbọ̀."

"Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?"

"Láti ìgbà tí òjò ti dá ni."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, kò sì sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilẹ̀kùn, ọ̀tún àti òsì, ó ń wá nǹkan kan. Kò rí i. Ó gun àkàbà lọ síbi tí ẹ̀rọ wà lábẹ́ àjà, ó sì pè mí pé, "Pásítọ̀, ẹ wá wo nǹkan." Ohun kékeré dúdú méjì ni, tí wọ́n kọjú síra wọn, tí wọ́n fi téèpù dúdú dè pọ̀ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀.

Ojú ilẹ̀kùn náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ bó ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ojú méjì ló yẹ kó wà ní ìsàlẹ̀ òpó ilẹ̀kùn, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kò sì gbọdọ̀ ga ju íǹṣì 6 lọ sílẹ̀. Ọ̀kan ń rán ìmọ́lẹ̀ kan jáde tí ojú èèyàn kò lè rí, èkejì ń gbà á. Bí ọmọdé, ajá tàbí táyà ọkọ̀ bá dí ìmọ́lẹ̀ náà, ẹ̀rọ á mọ̀ pé nǹkan wà lọ́nà, ilẹ̀kùn tó ń sọ̀kalẹ̀ á sì padà sókè. Ẹni àkọ́kọ́ tó wá ti yọ ojú méjèèjì kúrò níbẹ̀, ó sì dè wọ́n mọ́ra kí wọ́n lè máa rí ara wọn títí ayé. Ilẹ̀kùn náà ti fọ́jú, kò sì mọ̀ pé òun fọ́jú. Bí ìyẹn kò bá tó, ó tún yí agbára ẹ̀rọ náà sókè dé òpin, kí ohunkóhun má baà dá a dúró. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ ọmọ kò fi lè dá a dúró.

Àwọn ojú yìí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé ti kú sábẹ́ irú ilẹ̀kùn yìí kí wọ́n tó ṣe òfin lórí rẹ̀. Ní 1990 ni wọ́n ṣòfin, nígbà tó sì di ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1993, wọn kò gbọdọ̀ ṣe ẹ̀rọ ilẹ̀kùn ilé ọkọ̀ kankan fún ilé gbígbé níbẹ̀ mọ́ láìní ojú bẹ́ẹ̀ tàbí ohun mìíràn tí yóò ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ rántí pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí àwa tó ń ka Bíbélì. Nínú Diutarónómì orí 22, ẹsẹ 8, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun ṣe ìgbátí sí òrùlé rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà jábọ́. Ẹni tó ni ilé ló ni ẹ̀bi ìṣubú náà, kì í ṣe ẹni tó ṣubú.

Kí ló wá ń mú ilẹ̀kùn náà kọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀? Oòrùn ni! Ẹnu ilé ọkọ̀ Màmá kọjú sí gúúsù. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, láti bí oṣù Kọkànlá sí oṣù Kejì, oòrùn a máa wọ̀ ní apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ìtànṣán rẹ̀ á sì gba ẹnu ilé ọkọ̀ wọlé tààrà sí ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Ó ń fọ́ ọ lójú, bí iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe ń fọ́ awakọ̀ lójú lóru. Ojú náà kò rí ìmọ́lẹ̀ ẹnìkejì rẹ̀ mọ́, ó sì rò pé èèyàn wà lọ́nà. Nígbà òjò, ibòmíràn ni oòrùn ń wọ̀ sí. Bí ilẹ̀ bá sì ṣú, oòrùn ti lọ. Gbogbo "ọ̀tá" tí a ń lé kiri láti oṣù Kọkànlá nìyẹn.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ó dá ojú méjèèjì padà sí ìsàlẹ̀ òpó, ṣùgbọ́n ó pààrọ̀ àyè wọn: ó gbé èyí tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lọ sí òpó ìwọ̀-oòrùn, kí ó lè kẹ́yìn sí oòrùn ìrọ̀lẹ́. Ní òwúrọ̀, ilé alájà méjì tí aládùúgbò kọ́ ń ṣíji bò ó. Ó tún gé páìpù oníke kékeré, ó fi bò ó lórí bí fìlà abetí-ajá. Ó na okùn láti ojú kan sí èkejì kí wọ́n lè wà ní ìbámu. Ojú kọ̀ọ̀kan ní iná tíńtín tirẹ̀. Bí iná náà bá tàn láìṣẹ́jú, wọ́n ń rí ara wọn nìyẹn. Bí ó bá ń ṣẹ́jú tàbí tó kú, wọn ò rí ara wọn.

Nítorí náà, bí tiyín bá ń kọ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ fi aṣọ rírọ̀ nu ojú méjèèjì. Eruku ọyẹ́ a máa bò wọ́n, aláǹtakùn a máa ta òwú rẹ̀ síwájú wọn, ìgbálẹ̀ ọmọ ọ̀dọ̀ a máa gbá wọn kúrò lójú ọ̀nà. Bí ó bá di dandan kí ẹ ti ilẹ̀kùn kí oníṣẹ́ tó dé, púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí ni yóò gbà bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì ara ògiri mọ́lẹ̀ tí ẹ kò sì jáwọ́ títí yóò fi tì. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ máa wò ó. Má ṣe fi iṣẹ́ yìí rán ọmọdé.

Ẹ kíyè sí ibi tí ilẹ̀kùn ti ń padà o, nítorí ibẹ̀ ni àrùn wà. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ tó sì padà kíá, ojú rẹ̀ ló ń ṣe é. Èyí tó dé ilẹ̀ tán, tó kan sìmẹ́ǹtì, tó wá padà sókè, ẹ̀rọ rẹ̀ kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Wọ́n ní láti tún ìwọ̀n ìsọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ṣe. Èyí tó ń há láàárín ọ̀nà, tó ń dún wíìn-wíìn, ẹ wo ojú irin rẹ̀ bóyá ó ti tẹ̀ tàbí bóyá ẹsẹ̀ oníyíyí rẹ̀ ti jẹ. Èyí tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń dún ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn kò kúrò lójú kan, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti fa okùn pupa tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ.

Okùn pupa yẹn ṣe pàtàkì fún àwa tí a mọ ìwà iná ìjọba. (Láti 2005 ni orúkọ Nẹ́pà ti kúrò nílẹ̀, láti 2013 sì ni ilé-iṣẹ́ aládàáni ti ń pín iná ní Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, síbẹ̀ bí iná bá dé, Nẹ́pà náà ni àwọn ọmọ ń pariwo.) Bí iná bá lọ, ẹ fa okùn náà, ilẹ̀kùn á bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ ó sì lè fi ọwọ́ gbé e. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀kùn bá wà nílẹ̀ ni kí ẹ fà á. Bí ó bá wà lókè, tí sípírìn rẹ̀ sì ti ṣẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀, gbogbo ìwúwo rẹ̀ ni yóò já lu yín.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí sípírìn yìí. Ilẹ̀kùn irin tó gba ọkọ̀ méjì lè wúwo tó 100 kìlógíráàmù. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ń gbé e. Sípírìn tó wà lókè ẹnu ọ̀nà tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin ló ń gbé e, ẹ̀rọ kàn ń tọ́ ọ sọ́nà ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá sípírìn ṣì lágbára, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fa okùn pupa, kí ẹ fi ọwọ́ gbé ilẹ̀kùn dé ìbàdí. Ó yẹ kó dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá ń já sílẹ̀, ó ti rẹ sípírìn. Ṣùgbọ́n ẹ má tọ́ ọ! Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì, èmi ni wọ́n ń pè tí jẹnẹrétọ̀ bá kọ̀, mo sì máa ń rò pé kò sí nǹkan tí mi ò lè tú. Mo na ọwọ́ sí síkúrúù sípírìn Màmá, ọ̀dọ́mọkùnrin yìí sì gbá ọwọ́ mi dànù láìtọrọ gáfárà. Ó ní agbára tó wé mọ́ inú irin yẹn lè fọ́ ọwọ́ èèyàn tàbí kó pa á. Ẹni tó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀, tó ní irin tí wọ́n fi ń yí i, òun nìkan ló yẹ kó fọwọ́ kàn án.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́? Ẹ̀rọ tó ti Amẹ́ríkà wá, fóòtì 120 ló ń jẹ, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó bá kì í bọ inú iná wa láìlo sitẹpudáànù, èéfín ló máa kọ́kọ́ rí. Sitẹpudáànù pàápàá kò lè sọ iná wa di tiwọn pátápátá, nítorí bí iná wọn ṣe ń yí kì í ṣe bí tiwa ṣe ń yí. Àwọn ẹ̀rọ mìíràn a máa gbóná kọjá bó ti yẹ nítorí èyí. Bí ẹ bá fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ yín lókè òkun, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n wá èyí tí wọ́n ṣe fún fóòtì 230. Bí iná bá sì ti ń jó bàìbàì ní ìrọ̀lẹ́, kí ilẹ̀kùn dúró láàárín ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀bi ilẹ̀kùn.

Àpápá ní ìṣòro tirẹ̀ pẹ̀lú. Omi ló yí i ká, afẹ́fẹ́ iyọ̀ sì ń jẹ irin níbẹ̀ bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ẹ máa fi gírísì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ oníyíyí àti ìdè ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ẹ má fi kun inú ojú irin. Nínù ni kí ẹ máa nù ún, nítorí gírísì inú rẹ̀ á kó eruku jọ, á sì di ẹrẹ̀. Àwọn òpópónà kan tún ń kún fún omi nígbà òjò. Omi tó bá wọ ilé ọkọ̀ dé íǹṣì 6 ti bo ojú ilẹ̀kùn mọ́lẹ̀ nìyẹn, kò sì ní tì. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan tìtorí èyí gbé ojú náà ga dé ẹsẹ̀ bàtà méjì. Ọmọ tó ń rá á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ fi í síbi tó wà, bí omi bá fà, ẹ nù ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ.

Nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti dín agbára ẹ̀rọ náà kù tán, ó béèrè pákó lọ́wọ́ Màmá. Ó mú èyí tó nípọn bí íǹṣì kan àbọ̀, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ sí àárín ẹnu ọ̀nà, ó tẹ rìmóòtù. Ilẹ̀kùn sọ̀kalẹ̀, ó kan pákó, kí èèyàn tó ka ení, èjì, ó ti padà sókè. Ó ní èyí tí kò bá padà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú iná lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n sì ránṣẹ́ pe òun. Oṣooṣù ló yẹ kí wọ́n máa dán an wò. Lẹ́yìn náà, ó gbé rìmóòtù kúrò ní ibi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, ó sì sọ fún ìyá ọmọ náà pé kó máa wo ilẹ̀kùn títí yóò fi dé ilẹ̀ kó tó wakọ̀ lọ.

A dúró títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Oòrùn pọ́n, ó sì wọlé gan-an bí ó ti máa ń wọlé. Màmá ló di rìmóòtù mú, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n díẹ̀. Ilẹ̀kùn náà rọra sọ̀kalẹ̀, ó dé ilẹ̀, ó dúró. Wọ́n ní ká tún ṣí i. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n ṣe é.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti wà lórí ìjókòó kí n tó dé. Mo yà kí wọn nílé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Pákó náà wà ní ìnàró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé ọkọ̀, wọ́n ti fi ẹfun kọ ọjọ́ tí wọ́n dán ilẹ̀kùn wò sí i lára, ẹ̀ẹ̀mẹrin. Kẹ̀kẹ́ tó fọ́ wà nídìí rẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn dà á nù, wọ́n ní rárá, kó wà níbẹ̀.